Màmá mi ń retí abẹ́rẹ́ kòrónà, èmi sì ń jáde lójoojúmọ́: ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Awakọ̀ Ẹrù (ẹni tó béèrè, lọ́dún 2021)

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìfaradà kónílé-ó-gbélé yìí. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi kà á tán kẹ́ ẹ tó fèsì. Èmi àti màmá mi la jọ ń gbé, pẹ̀lú ọmọ mi kan. Ẹni ọdún 74 ni màmá, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà náà sì wà lára wọn. Iṣẹ́ tèmi, ẹrù ni mò ń gbé lọ fáwọn èèyàn nílé wọn, wọn ò ní ká jókòó sílé torí wọ́n ní iṣẹ́ wa ò ṣe é dá dúró, bẹ́ẹ̀ wọn ò kà wá mọ́ àwọn tó máa kọ́kọ́ gba abẹ́rẹ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń dé ẹnu ọ̀nà ẹni tí mi ò mọ̀ rí, tó bá wá dalẹ́ màá padà wá bá ìyá arúgbó nílé.

A ti forúkọ màmá sílẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti ní káwọn àgbà wá. Wọ́n ní àwọn máa fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ tó bá ti kàn wọ́n. Àtìgbà yẹn, tí fóònù mi bá ti dún báyìí àyà mi á já, tí n bá wá yẹ̀ ẹ́ wò, ìpolówó ọjà ni. Àwọn kan tá a jọ forúkọ sílẹ̀ ti ń gbà á, tiwa ò tíì dé. Màmá kì í jáde sí pálọ̀ mọ́ tí mo bá ti wọlé, inú yàrá ni wọ́n ń wà. Lálẹ́ àná wọ́n bi mí láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pé "ṣé abẹ́rẹ́ yìí á bá mi láyé ṣá?" Mi ò mọ èsì tí mo lè fọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín rèé. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ní òun mọ ẹni tó lè bá wa fa orúkọ màmá síwájú tá a bá fún un lówó, ó tiẹ̀ ní ó lè mú abẹ́rẹ́ náà wá gún wọn nílé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ká tètè gbà. Òun kan náà ló tún ń sọ pé tí wọ́n bá pè wá tó bá jẹ́ irú abẹ́rẹ́ kòrónà tó ń jẹ́ AstraZeneca ló wà nílẹ̀ ká má gbà á o, ká dúró de èyí tó ń jẹ́ Pfizer, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ dídì tí gbogbo èèyàn ń sọ pé AstraZeneca ń fà. Kó sì tó kàn wọ́n, báwo ni kí n ṣe máa bá màmá gbé tí mi ò fi ní kó àrùn wọlé fún wọn? Oorun ò kun ojú mi mọ́.

Ìyá Ìbejì

Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi, màmá á gbà á, wọ́n á sì jàǹfààní ẹ̀ láṣẹ Ọlọ́run. Ẹni tó ní kẹ́ ẹ mówó wá yẹn, má dá a lóhùn rárá. Ta ló kó abẹ́rẹ́ fún un? Inú kí ló gbé e sí? Pfizer tí wọ́n ń pariwo ẹ̀ yẹn, inú òtútù tó tó 70 nísàlẹ̀ òdo ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ sí, kì í ṣe nǹkan téèyàn ń ki bọ àpò kiri ojúlé. Lóṣù Kẹta 2021 yìí ni Interpol, àjọ ọlọ́pàá àgbáyé, kéde pé wọ́n ti ká ayédèrú abẹ́rẹ́ mọ́ àwọn kan lọ́wọ́ ní South Africa àti China, omi iyọ̀ làwọn kan lára wọn ń tà. Kí wọ́n wá gún ìyá ẹ lómi iyọ̀, kọ́kàn gbogbo yín balẹ̀, kí màmá máa jókòó ti gbogbo èèyàn, áà, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Àkọ́bí Bàbá

Ẹ má bínú o Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin lẹ jù mí lọ, àmọ́ mi ò bá yín lọ dé ibẹ̀ yẹn tán. Bàbá tèmi kú lọ́dún 2020 kí abẹ́rẹ́ kankan tó jáde, ká ní ẹnì kan sọ fún mi nígbà yẹn pé owó lè mú un wá ni, gbogbo ohun tí mo ní ni mi ò bá tà. Èyí tí wọ́n fẹ́ gún nílé yẹn, mo gbà pé kí wọ́n sá fún un. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé orúkọ nìkan ni wọ́n fẹ́ fà síwájú, níbi gidi, nọ́ọ̀sì gidi ló máa gún un, kí ló wá burú níbẹ̀? Arúgbó ni màmá, ara wọn ò sì le.

Nọ́ọ̀sì Abẹ́rẹ́

Ẹ kú àsẹ̀yìndè bàbá o, Ọlọ́run á tu yín nínú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó burú níbẹ̀, torí ibi tí wọ́n ti ń gún un yẹn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Iye abẹ́rẹ́ tí wọ́n bá gbé wá láàárọ̀ ló wà, a ò lè fi ẹyọ kan kún un. Àwọn tó wà lókè lìsìtì, ẹni 85 wà níbẹ̀, ẹni 90 wà níbẹ̀, ẹni tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn kòrónà lójoojúmọ́ náà wà níbẹ̀. Tẹ́nì kan bá fò síwájú, ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí ló máa padà sílé láìgbà á. Mo ti dá bàbá arúgbó kan padà rí nítorí irú ẹ̀, wọ́n fi ọ̀pá rìn lọ, inú mi bàjẹ́ dọ́jọ́ kejì. Mo bẹ yín, ẹ má ṣe é.

Àmọ́ ọ̀nà kan wà tí ò lẹ́bi nínú, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì mọ̀. Ìgò abẹ́rẹ́ kan kì í ṣe ti ẹnì kan. AstraZeneca tó wà lọ́dọ̀ wa, èèyàn 10 ló ń gbà nínú ìgò kan, ti Pfizer èèyàn 6. Tá a bá ti ki abẹ́rẹ́ bọ ìgò náà pẹ́nrẹ́n, wákàtí 6 la ní, èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ẹ̀ dídà ni. Nítorí náà tó bá di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ tẹ́ni méjì mẹ́ta tó yẹ kó wá ò wá, ṣe la máa ń pe àwọn tó lè tètè dé. Ibùdó púpọ̀ ló ní ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ irú àwọn bẹ́ẹ̀ sí. Ẹ lọ béèrè bóyá tiyín náà ní in, ẹ sọ ọjọ́ orí màmá àti àìsàn tó wà lára wọn, ẹ sọ pé ọkọ̀ wà tẹ́ ẹ máa fi gbé wọn wá kíá, kẹ́ ẹ sì fi nọ́ńbà èèyàn méjì sílẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan.

Nígbà tẹ́ ẹ bá débẹ̀ ẹ ní kí wọ́n ṣí fọ́ọ̀mù màmá kẹ́ ẹ rí i. Mo ń rí i lójoojúmọ́ tí nọ́ńbà fóònù ẹlòmíì máa dín ẹyọ kan, tẹ́ẹ̀sì ń lọ bá ẹni ẹlẹ́ni. Ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru síbẹ̀, torí níbi púpọ̀ àìsàn méjèèjì yẹn máa ń jẹ́ kó tètè kan èèyàn, tó bá jẹ́ ọjọ́ orí nìkan ló wà níbẹ̀ wọ́n á kà wọ́n mọ́ àwọn tára wọn le.

Ọ̀rọ̀ AstraZeneca: èyí tó bá kọ́kọ́ kàn wọ́n ni kí wọ́n gbà o. Mi ò ní parọ́ fún yín pé ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn ò sí, ó wà. Nílẹ̀ Bìrìtéènì, títí tóṣù Kẹta 2021 fi parí, wọ́n ti gún un lé ní ìgbà mílíọ̀nù 20, ẹni 79 lẹ̀jẹ̀ dì fún lọ́nà yẹn, 19 nínú wọn sì kú. Ìyẹn nǹkan bí ẹni 4 nínú mílíọ̀nù kan. Àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n sì rí i pé ó léwu fún ju àgbà lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní káwọn tí ò tíì pé 30 níbẹ̀ gba òmíì. Ẹ wá fi wé ohun tí kòrónà ń ṣe fún ẹni 74 tó ní ṣúgà. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣọ́ lẹ́yìn abẹ́rẹ́, láti bí ọjọ́ kẹrin títí dé bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ni orí fífọ́ burúkú tí ò lọ, ojú tó ń ṣe bàìbàì, àyà tó ń dunni, èémí tí ò já gaara, ẹsẹ̀ kan tó wú, tàbí àmì pupa tín-tìn-tín káàkiri ara. Tẹ́ ẹ bá rí ọ̀kankan, ilé ìwòsàn tààrà.

Àkọ́bí Bàbá

Nọ́ọ̀sì, mo ti gbọ́ yín. Bàbá tẹ́ ẹ dá padà yẹn ló wọ̀ mí lára. Awakọ̀, lọ béèrè ìwé ìrọ̀lẹ́ yẹn.

Awakọ̀ Ẹrù

Ẹ ṣeun gan-an ni o, Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín níbi iṣẹ́ mà. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ fọ́ọ̀mù yẹn, a máa lọ wò ó. Èmi àti màmá ń kọ́, nínú ilé? Tí mo bá ti dé mo máa ń bọ́ aṣọ sẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń fọ gbogbo ohun tí mo gbé wálé, ọwọ́ mi ti bó. Ọmọ mi ló ń gbé nǹkan lọ fún màmá nínú yàrá torí mo ń bẹ̀rù àtisún mọ́ wọn.

Olùtọ́jú Bàbá

Ọ̀gá mi, mo ti ń gbé pẹ̀lú bàbá mi bẹ́ẹ̀ látìgbà tí nǹkan yìí ti bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ìta lèmi náà ń ṣe. Ẹ máa fọwọ́ yín ṣùgbọ́n ẹ dẹwọ́ lórí ẹrù fífọ̀. Inú afẹ́fẹ́ ló ti ń ranni jù. Ẹ rò ó bí èéfín sìgá, tẹ́nì kan bá ń mu ún nínú pálọ̀ tí gbogbo fèrèsé wà ní títì, ẹni tó wà lápá kejì náà á máa gbọ́ òórùn ẹ̀, bó bá sì jáde èéfín yẹn ò ní bá a jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nítorí náà ẹ ṣí fèrèsé méjì tó dojú kọra wọn, ẹ gbé fáànù kan síbi fèrèsé ẹ̀gbẹ́ tiyín kẹ́ ẹ kọjú ẹ̀ síta kó máa fa afẹ́fẹ́ jáde. Ẹ wọ ìbòmú nínú ilé tẹ́ ẹ bá máa kọjá níbi tí màmá wà, kí màmá náà wọ tiwọn, kó bo imú dáadáa.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ló ká mi lára jù. Tó bá ń sùn tì yín tó tún ń wọ yàrá lọ bá màmá, òun ni afárá láàárín yín. Èèyàn lè ti máa ran ẹlòmíì fún bí ọjọ́ méjì kára tó bẹ̀rẹ̀ sí í dun òun gan-an, ti ọmọdé sì lè má hàn rárá. Ẹ yan ẹ̀gbẹ́ kan fún un. Ọmọ tí ò jáde lọ síbì kankan, kó máa wà lọ́dọ̀ màmá pátápátá, kẹ́yin nìkan dá wà lọ́tọ̀. Á dùn yín, mo mọ̀, ṣùgbọ́n màmá á rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Èmi àti bàbá mi, ẹ̀yìn fèrèsé la ti ń pàdé. Lálálẹ́ màá gbé àga síta, màá ka ìwé ìròyìn fún wọn láti ìta, àwọn á jókòó sínú, tí mo bá kà á yára wọ́n á fi ọ̀pá kan fèrèsé pé kí n padà sẹ́yìn. Wọn ò tíì gba tiwọn náà o, à ń dúró.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì

Ọmọ mi, mo ju màmá ẹ lọ lọ́jọ́ orí, mo sì ti gba tèmi, nítorí náà jẹ́ kí n bá ẹ dáhùn ìbéèrè tí wọ́n bi ẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọn ò retí pé kó o mọ ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ máa dé. Ẹ̀rù ń bà wọ́n ni, wọ́n sì ń dá nìkan wà. Nígbà tí mo wà níbi tí wọ́n wà yẹn, ohun tó ń dùn mí ju àrùn lọ ni pé àwọn ọmọ mi ń sọ̀rọ̀ nípa mi ní pálọ̀, ohùn wọn ń lọ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wá sọ fún mi. Sọ gbogbo bó ṣe ń lọ fún màmá, orúkọ wà níbí, a lọ síbí lónìí, wọ́n sọ báyìí. Jẹ́ kí wọ́n jáde sóòrùn láàárọ̀ nígbà tó o bá ti lọ síbi iṣẹ́, kí wọ́n rìn díẹ̀, ẹsẹ̀ àgbà tí ò bá rìn á le gbandi. Pe àwọn ọ̀rẹ́ wọn lórí fóònù fún wọn.

Abẹ́rẹ́ yẹn fúnra ẹ̀, kí wọ́n má fòyà. Mo jókòó fún bí ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn tí wọ́n gún un kí wọ́n lè wo ojú mi, apá dùn mí, ọjọ́ kejì ara mi gbóná mo sì sùn gan-an, ọjọ́ kẹta ó ti lọ.

Nọ́ọ̀sì Abẹ́rẹ́

Ẹ ṣeun mà. Kí n fi èyí kún un: ẹ má jẹ́ kí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ṣúgà dá lọ́nà nítorí pé ẹ̀ ń bẹ̀rù àtilọ sílé ìwòsàn. Ẹ bi dókítà wọn bóyá ó lè máa yẹ̀ wọ́n wò lórí fóònù, kó sì kọ oògùn tó máa pẹ́ díẹ̀. Ṣúgà tó bá wà níwọ̀n báyìí náà ń gbèjà wọn. Tí agbára yín bá ká a, ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka láti wo ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀. 95 sókè dáa. Tó bá wálẹ̀ sí 94 tàbí kó rẹlẹ̀ sí i, ẹ pe dókítà, tó bá ti bọ́ sísàlẹ̀ 90 ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kódà kí wọ́n ní àwọn ò mọ nǹkan kan lára.

Awakọ̀ Ẹrù

Ẹ̀yin èèyàn mi, a ti lọ. Ọjọ́ orí nìkan ló wà lórí fọ́ọ̀mù lóòótọ́, wọ́n ti fi ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru sí i. Wọ́n ní ìwé ìrọ̀lẹ́ yẹn, wọ́n kọ orúkọ màmá sí i pẹ̀lú nọ́ńbà mi àti ti ẹ̀gbọ́n mi, wọn ò ṣèlérí ọjọ́ kankan. Mo ti sọ fún ẹni ibi iṣẹ́ yẹn pé a ò ṣe. Ọmọ mi ti kó ẹní ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ màmá, mò ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ibi tí mo wà. Ẹ̀gbọ́n mi ka ohun tí nọ́ọ̀sì kọ nípa AstraZeneca, ó ní òun gbà. Tí wọ́n bá wá pè wá lójijì nírọ̀lẹ́, kí la máa mú dání?

Nọ́ọ̀sì Abẹ́rẹ́

Inú mi dùn gan-an. Káàdì ìdánimọ̀ wọn, àti ìwé tẹ́ ẹ kọ orúkọ gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò sí, pàápàá tó bá jẹ́ pé wọ́n ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì. Ẹ sọ fún wọn tí oògùn tàbí abẹ́rẹ́ kan bá ti gbòdì lára wọn rí, wọ́n lè ní kí wọ́n jókòó tó ìṣẹ́jú 30. Kí wọ́n wọ aṣọ tápá ẹ̀ ṣe é ká sókè. Ẹ má lo paracetamol ṣáájú, tí ara bá gbóná lẹ́yìn ẹ̀ kí wọ́n lò ó. Káàdì tí wọ́n bá fún wọn, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ kó tó sọnù, ọjọ́ tí wọ́n máa gba abẹ́rẹ́ ìkejì wà lára ẹ̀. Tó bá jẹ́ AstraZeneca ó lè tó ọ̀sẹ̀ 8 sí 12, ti Pfizer ọ̀sẹ̀ 3 ni, ibòmíì sì ń sún un síwájú torí kó lè kárí, kò bà á jẹ́. Ẹ máa bá ìbòmú àti fèrèsé lọ títí tí ìkejì fi máa pé ọ̀sẹ̀ méjì lára wọn.