Ìdáhùn: "Atẹ̀lúdó" kọ́ ni òyìnbó Virginia

Ẹ̀yin ará wa,

Ẹ kú àárọ̀ o. Mo ti ka àwọn ọ̀rọ̀ tí àbúrò wa tó ń túmọ̀ ìwé ìtàn Amẹ́ríkà fún ọmọ ilé ìwé fi ránṣẹ́ síbí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Iṣẹ́ ńlá ni, mo kí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tó ti pe àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gúnlẹ̀ sí Jamestown, ní ilẹ̀ Virginia l'Amẹ́ríkà, ní 1607 ní "atẹ̀lúdó", tó sì pe àwọn tí wọ́n bá níbẹ̀ ní "ọmọ ìbílẹ̀", mo yọ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún un kà.

Ta ló tẹ ìlú wo dó? Inú "dó" yẹn ni gbogbo ẹjọ́ wà. Ẹ rántí bí àwọn àgbà ṣe ń sọ ọ́: ọdẹ kan lépa ẹran títí, ó rí omi, ó rí ìdí igi tó tutù, ó pàgọ́ síbẹ̀, ó padà lọ mú ìyàwó. Kò sẹ́ni tó kí i káàbọ̀, nítorí kò bá ẹnì kankan níbẹ̀. Ìyẹn ló dó. Ilẹ̀ tí ọkùnrin àti ọmọdékùnrin 104 wọ̀nyẹn sọ ẹrù kalẹ̀ sí lórúkọ. Tsenacommacah ni, tí wọ́n máa ń túmọ̀ sí ilẹ̀ tí èèyàn kún. Ó lólórí, Wahunsenacawh, tí òyìnbó ń pè ní Powhatan, orúkọ tí wọ́n tún fi ń pe àwọn èèyàn rẹ̀. Ẹ̀yà bí 30 ló ń wárí fún un, èèyàn wọn sì tó nǹkan bí 15,000. Kí ló wá kù tí ẹnikẹ́ni fẹ́ tẹ̀ dó?

Àbúrò wa dá mi lóhùn lọ́jọ́ Àìkú:

> Bàbá, ẹ má bínú. Ìbàdàn ńkọ́? Ṣebí ilẹ̀ Ẹ̀gbá Gbágùúrá ni kí àwọn jagunjagun tó pàgọ́ síbẹ̀ ní 1829? Ṣé a kì í sọ pé wọ́n tẹ Ìbàdàn dó ni?

Ọmọ Ìbàdàn ni mí, ojúlé wa ò jìnnà sí Ọjà'ba. Ọ̀rọ̀ yìí ta mí, n kò ní purọ́. Mo fẹ́ dárúkọ Lágelú, mo tún pa á mọ́ra, nítorí mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ti múra ìtàn mìíràn dè mí. Ohun tí mo rí sọ kò ju èyí lọ: àwa tá a borí là ń sọ pé a tẹ̀ ẹ́ dó. Ẹ lọ bi Gbágùúrá léèrè l'Ábẹ́òkúta, wọn ò ní sọ pé ẹnikẹ́ni tẹ ohunkóhun dó, wọ́n á ní ilé ni wọ́n lé àwọn kúrò. Àbúrò mi, o rò pé o ti dè mí mọ́lẹ̀, àṣé ẹjọ́ mi lo bá mi rò.

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tó wà ní London dábàá "àtìpó". Ìyẹn dáa díẹ̀, fún ọdún méjì mẹ́ta àkọ́kọ́. Àtìpó mọ̀ pé òun lónílé. Nínú 104 yẹn, 38 péré ló kù láàyè ní January 1608; bí kì í bá ṣe àgbàdo Powhatan, ìtàn ì bá ti parí síbẹ̀. Ọ̀dá sì wà nílẹ̀ lásìkò náà, ọ̀dá ọdún méje tó hàn lára igi ibẹ̀ títí dòní. Onílé fúnra rẹ̀ ò jẹun yó. Onílé ń jẹ èso gbìngbindò, àlejò ní kí wọ́n ṣe òun lọ́wọ́ kan ẹ̀wà. Nígbà tí onílé ò fún wọn mọ́, wọ́n ń fi ìbọn gbà á. Ìgbà òtútù 1609 sí 1610 ló wá burú jù: nǹkan bí 60 ló jáde nínú ọgbà Jamestown láàyè. Wọ́n jẹ ẹṣin, wọ́n jẹ ajá, wọ́n jẹ eku. Egungun ọmọbìnrin ọmọ ọdún bíi 14 tí àwọn awalẹ̀pìtàn hú ní 2012 ní àmì ọ̀bẹ lára. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ọmọdé ń ka ìwé yìí.

Ṣùgbọ́n àtìpó a máa san ìṣákọ́lẹ̀. Bàbá bàbá mi dáko kòkó lẹ́bàá Oǹdó, lọ́dọọdún ló ń ru iṣu àti epo lọ fún onílẹ̀. Ó lè ní igi kòkó ẹgbẹ̀rún, kò sọ rí pé òun nilẹ̀.

Ẹ wá wo Virginia. Ní 1646, lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú Opechancanough, arúgbó olórí àwọn Powhatan tó ti ṣáájú ogun 1622 (èèyàn 347 ló kú lọ́jọ́ kan nínú àwọn Gẹ̀ẹ́sì) àti ti 1644, tí ẹ̀ṣọ́ kan sì yìnbọn pa á ní àhámọ́, Necotowance tó rọ́pò rẹ̀ tọwọ́ bọ̀wé pé lọ́wọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ni òun ti gba ilẹ̀ tí òun wà lórí rẹ̀, àti pé awọ 20 ẹranko odò tí wọ́n ń pè ní beaver ni òun yóò máa san fún gómìnà lọ́dọọdún. Onílẹ̀ ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún àtìpó! Títí di bá a ti ń wí yìí, oṣù kọkànlá ò ní parí kí àwọn Pamunkey àti Mattaponi, ẹ̀yà méjì nínú àwọn Powhatan, má gbé àgbọ̀nrín lọ bá gómìnà ní Richmond, olú ìlú Virginia. Bàbá àgbà mi ì bá gbọ́ èyí, ì bá ní kí n tún un sọ.

Ọ̀gá wa ní Ìlọrin ní kí a lo "amúnisìn", kí a fọ̀rọ̀ mọ síbẹ̀. Rárá o. Ẹ tẹ́tí sí "sìn" yẹn. Òyìnbó tó wá sọ́dọ̀ wa fi ọba wa ṣe ọ̀nà, ó gba owó orí, ó kó wa lọ la ojú irin. Ó mú wa sìn. Ti Virginia kò fẹ́ ìsìn ẹnì kan lára Powhatan. Ilẹ̀ ló fẹ́, pàápàá lẹ́yìn tí tábà tí John Rolfe, ọ̀kan nínú àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà, ń gbìn bẹ̀rẹ̀ sí í mówó wá. Tábà á jẹ ilẹ̀ gbẹ láàrin ọdún mẹ́ta mẹ́rin, wọ́n á tún sún síwájú. "Agbalẹ̀" ni mo ní kí a pè wọ́n, mo sì dúró lórí rẹ̀. Ẹni tó ń fi mí ṣẹ̀sín pé mo sọ òyìnbó di ẹni tó ń gbálẹ̀, ojú ló fi kà á, kò fi etí kà á. "Gba", ohùn àárín. "Gbá", ohùn òkè. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ ọmọ ní ìyàtọ̀ yìí.

"Onílẹ̀" ni kí a pe àwọn Powhatan. Mo mọ̀ pé bí a bá ti fi "ọmọ" ṣáájú rẹ̀, àwọn tó ń gba owó ìpìlẹ̀ lọ́wọ́ akọ́lé ni ará Èkó máa rántí. Kí wọ́n rántí wọn. Ó ṣì sàn ju "ará Íńdíà pupa" tí ẹnì kan kọ síbí láìtijú.

Ó ku "ìwọ̀fà" tí ẹ̀gbọ́n wa London pe àwọn tálákà Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi iṣẹ́ ọdún mẹ́rin sí méje dí owó ọkọ̀. Iṣẹ́ ìwọ̀fà kì í san gbèsè, èlé lásán ni. Owó ṣì wà lọ́rùn. Ti àwọn yẹn, iṣẹ́ náà ni owó, bí ikú kò bá tètè dé, ó sì ń tètè dé. Láti 1618, ẹni tó san owó ọkọ̀ ló tún ń gba éékà ilẹ̀ 50 lórí wọn, ilẹ̀ ẹni tá a ti mọ̀. Ẹ̀gbọ́n ní ìyá àgbà àwọn ṣe ìwọ̀fà l'Ẹ́pẹ́, nítorí náà àwọn mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ó lè jẹ́. Kí wọ́n ṣáà sọ fún wa: ṣé wọ́n san owó náà padà kí ìyá àgbà tó délé, àbí wọn ò san án?