Ìyára ni ká tẹ̀lé ni, àbí ìlù ọkàn?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn sárésáré. Ìmọ̀ràn là ń tọrọ láti Ògbómọ̀ṣọ́ níbí.

Eré kìlómítà 21.1 la ń múra sí. Ní Sátidé, kìlómítà 16 ni àwọn sárésáré wa ń sá, ìṣẹ́jú 6 fún kìlómítà kan. Bí a bá gbéra ní aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí, ọkàn á máa lù ní bíi 140 ní ìṣẹ́jú kan títí dé ìparí. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti ń ta, ìyára kan náà á gbé e dé 158 kí wákàtí kan tó pé. Ìdí rẹ̀ kò ṣókùnkùn: òógùn ń dín omi inú ẹ̀jẹ̀ kù, ẹ̀jẹ̀ sì ń ya lọ sí awọ láti tu ara. Ìwọ̀n tí ọkàn ń tì jáde lẹ́ẹ̀kan á kéré, á wá máa sáré lù láti dí i.

Tí a bá dẹ eré sí ìṣẹ́jú 6:40 fún kìlómítà kan, ìlù náà á wálẹ̀. Ṣé ẹsẹ̀ kò ní gbàgbé ìyára ọjọ́ ìdíje báyìí? Àbí ká fi ti ìyára sí Wẹ́sídeè nìkan?

Ti omi ńkọ́? Ẹni tó mu píọ̀ wọ́tà kan, ìdajì lítà, tí ìwọ̀n ara rẹ̀ ṣì fi kílò kan àbọ̀ dín lẹ́yìn eré, lítà méjì òógùn ló ti lọ. Àmùjù omi lásán náà léwu, ó ń bomi la iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀. Iyọ̀ àti ṣúgà mélòó lẹ ń pò mọ́ ọ̀rá omi kan tí inú kì í fi í rú wọn?