Ẹ̀yin tí ẹ ti ra ọkọ̀ kékeré àlòkù rí, kí ni ojú yín rí?

Olùkọ́ Òṣogbo: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, owó epo ọkọ̀ ńlá tí mo ń gbé lọ sí ilé-ìwé ti ju agbára mi lọ. Mo fẹ́ tà á, kí n fi owó rẹ̀ ra ọkọ̀ kékeré tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí sókè, irú Toyota Yaris, Kia Picanto tàbí Hyundai i10. Ẹ jọ̀wọ́, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin fúnra yín ni mo fẹ́ gbọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ ra Yaris, sà. Ẹ má wo ibòmíràn.

Ìyá Ìbejì: Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, ó gùn díẹ̀. Ọwọ́ oníṣòwò ọkọ̀ kan ní Èkó ni mo ti ra ọkọ̀ kékeré tèmi. Ọkọ̀ pupa ni, ara rẹ̀ ń dán, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò pariwo, owó rẹ̀ sì fi díẹ̀ rẹlẹ̀ sí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ó yà mí lẹ́nu ni lọ́fínńdà tí wọ́n fín sínú rẹ̀, tí ó le débi pé àwọn ọmọ ń sín. Kò pẹ́ tí gíláàsì fèrèsé fi kọ̀ tí kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Fèrè rẹ̀ ń dún fúnra rẹ̀ lóru tí gbogbo àdúgbò ń jí. Oríṣiríṣi iná ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Nígbà tí réwáyà yọ ìjókòó tí ó sì ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, ẹrẹ̀ gbígbẹ ni a bá lábẹ́ rẹ̀, gbogbo irin tí ó de ìjókòó mọ́lẹ̀ sì ti dípẹtà. Mo gbé e padà lọ bá ẹni tí ó tà á fún mi, ó ní èmi ni mo wà á wọ inú àgbàrá, bẹ́ẹ̀ Abẹ́òkúta ni mo ń gbé, orí òkè sì ni ilé wa wà.

Réwáyà Ìbàdàn: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ọkọ̀ tí omi ti bò mọ́lẹ̀ ni wọ́n tà fún yín. Iṣẹ́ wáyà ni mo ń ṣe, irú wọn kì í wọ́n lọ́dọ̀ mi. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀, kí ó fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí tí kò fi ní lè jáde mọ́, nítorí ibi tí ó ká sí nísàlẹ̀ yẹn ni àwọn tó ń fọ ọkọ̀ fún títà kì í rántí. Bí ó bá rí àmì ẹrẹ̀ níbẹ̀, kí ó máa bá tirẹ̀ lọ. Kí ó tún wo inú gíláàsì iná iwájú bóyá omi ti gbẹ síbẹ̀. Omi iyọ̀ ló burú jù, torí kì í pa wáyà lójú ẹsẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni ó ń jẹ ẹ́. Nígbà tí ìjì Harvey da omi bo Houston ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2017, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ló rì. Àwọn adójútòfò san owó fún àwọn tí ó ni wọ́n, wọ́n sì kó àwọn ọkọ̀ náà lọ sí gbàǹjo. Ìwé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà máa ń fi hàn pé ó ti bàjẹ́. Nọ́ńbà ẹlẹ́yọ 17 tí ẹ máa rí lábẹ́ gíláàsì iwájú níhà awakọ̀ ni ẹ máa fi wá ìtàn rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọmọ Ìlọrin: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe Amẹ́ríkà nìkan ni omi ti ń bo ọkọ̀. Lẹ́kì ńkọ́? Ọkọ̀ tí omi bò ní Lẹ́kì kò ní àkọsílẹ̀ kankan tí ẹnikẹ́ni lè wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú, ṣé ẹ kò mú mẹkáníìkì dání ni?

Ìyá Ìbejì: Mo mú un dání. Òun gan-an ló ní kí n tètè sanwó kí ẹlòmíràn má bàa gbé e. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo tó gbọ́ pé oníṣòwò náà ti fún un ní ìpín tirẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ha! Ọ̀rọ̀ dé.

Oníṣirò Àkúrẹ́: Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe ẹ̀gbọ́n mi. Mẹkáníìkì tí ó ti ń tún ọkọ̀ bàbá wa ṣe láti ìgbà tí a wà ní kékeré ló sọ pé gíà ọkọ̀ náà dára. Kí ẹ̀gbọ́n mi tó dé Oǹdó, gíà náà kò gba ọ̀nà ẹ̀yìn mọ́.

Mẹkáníìkì Bódìjà: Ẹ má fi gbogbo wa ṣe ọ̀kan, ẹ̀yin ará. Ìwà tí àwọn wọ̀nyẹn hù kò dára, n kò sì ní gbè wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òdodo: ẹlòmíràn yóò mú mẹkáníìkì kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, yóò ní òun yóò ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún un. Ẹni tí ó ń tà á ni yóò wá fún un lówó. Ẹ bá mẹkáníìkì yín dá owó àyẹ̀wò, kí ẹ sì san án, ìbáà jẹ́ pé ẹ ra ọkọ̀ náà tàbí ẹ kò rà á. Èmi kì í yẹ ọkọ̀ wò bí mo bá fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì tí mo rí i pé ó ti gbóná kí n tó dé, nítorí pé òwúrọ̀, tí ẹ́ńjìnnì tutù, ni àìsàn rẹ̀ máa ń hàn. Bí a bá yí kọ́kọ́rọ́ tí a kò tíì tan ẹ́ńjìnnì, iná tí ó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kí ó sì kú nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣiṣẹ́. Bí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti pa á kí ẹ má bàa rí i.

Ọmọ Ìlọrin: Ẹni tí ó gba owó lọ́wọ́ mi ṣì lè gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń tà á. Owó àyẹ̀wò kò tún ìwà ẹnikẹ́ni ṣe.

Mẹkáníìkì Bódìjà: Ẹ mú ẹni tí yóò máa tún ọkọ̀ náà ṣe fún yín lẹ́yìn náà. Ẹni tí ó mọ̀ pé ọ̀dọ̀ òun ni ẹ ń gbé e bọ̀ kò ní fẹ́ kí ẹ ra wàhálà.

Oníṣirò Àkúrẹ́: Ẹni tí mo sọ ńkọ́? Ṣebí òun ló ń tún ọkọ̀ ilé wa ṣe?

Ará Peckham: Níbí ní London, nọ́ńbà ara ọkọ̀ nìkan ni mo fi wo ìtàn àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní MOT lórí ojú-ewé ìjọba, láìsan kọ́bọ̀. Iye máìlì tí ọkọ̀ ti rìn wà níbẹ̀ lọ́dọọdún, láti ìgbà tí ó ti pé ọdún mẹ́ta. Mo rí Ford Fiesta kan tí ó wù mí gan-an, ṣùgbọ́n máìlì tí ó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ kéré sí èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un ní ọdún tí ó ṣáájú. Ẹni tí ó ń tà á kò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ bá wa fi ọ̀kan ránṣẹ́ síbí, àǹtí.

Ará Peckham: Kò ṣeé ṣe, àbúrò. Apá ọ̀tún ni ọwọ́ ọkọ̀ wa wà, Nàìjíríà sì ti kúrò ní apá òsì ọ̀nà láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972.

Ọmọ Àjàṣẹ́: Èyí rán mi létí Vitz, orúkọ tí wọ́n ń pe Yaris ní Jàpáànù títí di ọdún 2020, tí wọ́n gbé wá fún mi wò ní Kútọnu. Wọ́n ti gé dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀, wọ́n ti gbé ọwọ́ ọkọ̀ láti ọ̀tún sí òsì. Ohun tí ó tú wọn fó ni ọ̀pá tí ń nu òjò lójú gíláàsì, torí ìhà tí awakọ̀ Jàpáànù ń jókòó sí ni ó ṣì ń nù dáadáa. Nọ́ńbà rẹ̀ kò sì pé 17. Bẹ́ẹ̀ ni ti ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún títà láàárín Jàpáànù máa ń rí. Èmi kò lè fi ẹ̀mí àwọn ọmọ mi sí ọwọ́ irin tí wọ́n jó pọ̀ lábẹ́ igi.

Oníṣirò Àkúrẹ́: Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ọkọ̀ tí ó gba Kútọnu wọlé, kí ó béèrè ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù dáadáa. Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba Nàìjíríà ti fi òfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀. Ojú ọ̀nà ni wọ́n ti lè gbà á lọ́wọ́ yín.

Olùkọ́ Òṣogbo: Ẹ ṣeun, mo ń ka gbogbo rẹ̀. Yaris kan wà níbí tí nọ́ọ̀sì kan ti ń lò láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e dé, òun nìkan ló sì ń wà á. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n má ra èyí tí wọ́n ti lò ní Nàìjíríà, pé tòkunbọ̀ ló dára.

Réwáyà Ìbàdàn: Èmi yóò ra ti nọ́ọ̀sì. Ẹni tí ẹ mọ ilé rẹ̀ ni.

Ọmọ Ìlọrin: N kò fara mọ́ ọn. Kòtò ojú ọ̀nà wa ti fọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà tán.

Mẹkáníìkì Bódìjà: Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣeé tún ṣe, ó sì rọrùn ju gíà lọ. Bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá jẹ́ 1.5, ṣéènì irin ló ń lò nínú ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe bẹ́líìtì rọ́bà tí ẹ gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ lásìkò. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn lára táyà rẹ̀: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún tí wọ́n ṣe é. Bí ẹ bá rí 2315, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2015 nìyẹn, táyà náà ti gbó, kí ẹ yọ owó táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò nínú ohun tí ẹ fẹ́ san.

Ìyá Ìbejì: Kí ẹ sì rí i pé orúkọ nọ́ọ̀sì náà ni ó wà lórí ìwé ọkọ̀, kì í ṣe ti ẹlòmíràn.

Olùkọ́ Òṣogbo: Mẹkáníìkì Bódìjà, ṣé ẹ lè wá sí Òṣogbo ní Sátidé? Èmi ni n ó san owó ọkọ̀ yín àti owó àyẹ̀wò, bí mo tilẹ̀ pinnu pé n kò ní rà á.

Mẹkáníìkì Bódìjà: N ó wá, sà. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n má tan ẹ́ńjìnnì kí n tó dé.