Ẹ gbà mí o: mo kọ ìwé ìlò irinṣẹ́ wa tán, síbẹ̀ agent ń sọ èsì bọ́ọ̀lù tí kò ṣẹlẹ̀

Akọ̀wé Òru:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. A ní irinṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà kan tí àwọn AI agent (ètò AI tó ń dá iṣẹ́ ṣe fún èèyàn) máa ń pè láti fi wá èsì bọ́ọ̀lù, tábìlì líìgì àti orúkọ agbábọ́ọ̀lù. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìwé ìlò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko! Ojú ewé mọ́kànlá, tàwòràntàwòrán. Ẹni tó kọ kóòdù náà ò ràn mí lọ́wọ́. Bí mo bá béèrè nǹkan, á ní kí n lọ ka kóòdù. Ọ̀gá wa wá dán an wò lójú oníbàárà. Ó béèrè bí àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2022 ṣe parí. Agent ní Ajẹntínà 7, Faransé 5. Gbogbo wọn yíjú sí mi. Wọ́n ní ìwé mi ni kò yé e. Mo ti kà á ní àkàtúnkà, mi ò rí àṣìṣe kankan. Ṣé kí n tún un kọ látòkèdélẹ̀ ni, àbí kí n kúkú fiṣẹ́ sílẹ̀?

Bàbá Líìgì:
Ẹ má fiṣẹ́ sílẹ̀. 2–2 ni wọ́n gbá nígbà tí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú pé, ó di 3–3 lẹ́yìn àfikún àkókò, Ajẹntínà wá borí ní pẹ́nárítì, 4–2. Ẹ ro 3 mọ́ 4, ẹ ro 3 mọ́ 2. Agent yín ro ayò pọ̀ mọ́ pẹ́nárítì ni. Ẹ sọ fún un pé kò gbọ́dọ̀ rò ó pọ̀.

Ìyá Kóòdù:
Ó ṣe èmi náà rí, ti sáà ni tèmi. Ẹnì kan béèrè ẹni tó gba Premier League ní 2016. Leicester City ló gbà á, ní May 2016. Àmọ́ ọdún tí sáà bẹ̀rẹ̀ ni irinṣẹ́ wa fi ń pè é, nítorí náà 2016 lọ́dọ̀ rẹ̀ ni 2016/17, tí Chelsea gbà. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń wá ibi tí àṣìṣe wà, bẹ́ẹ̀ kò sí àṣìṣe nínú kóòdù. Gbólóhùn kan péré ni mi ò kọ.

Ọmọ Dátà:
Orúkọ ẹgbẹ́ ńkọ́? Liverpool kan wà ní Montevideo, Everton kan wà ní Chile, Barcelona kan sì wà ní Guayaquil. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n máa fi wá a. Ojú ewé mọ́kànlá sì ti pọ̀ jù, ẹ gé e kúrú.

Ìyá Kóòdù:
Ọmọ Dátà, gígùn kọ́ ni wàhálà. Àlàyé kúkúrú tí kò sọ nǹkan kan burú ju gígùn lọ.

Ọmọ Dátà:
Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ọ̀rọ̀ tí agent bá kà ló ń gba àyè lórí rẹ̀. Mo ti rí èyí tó gbàgbé ìbéèrè nítorí àlàyé.

Bàbá Líìgì:
Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu olùbéèrè. Mo tún sọ ọ́: kó má ro pẹ́nárítì mọ́ ọn.

Akọ̀wé Òru:
Ẹ ṣé o. Àmọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ yìí ni mo ti kọ! Pẹ́nárítì wà ní ojú ewé kẹfà, sáà wà ní ìkẹjọ. Ìdí nìyẹn tó fi ń dùn mí. Bí ó bá ti lè ka ìwé, kí ló dé tí kò kà á?

Atúnṣe:
Ojú ewé kẹfà níbo? Níbo gan-an ni ìwé náà wà?

Akọ̀wé Òru:
PDF ni, ó wà lórí ojúlé wa. Inú irinṣẹ́ fúnra rẹ̀, ẹni tó kọ kóòdù ti fi ìlà kan síbẹ̀ kí n tó dé: “Gba dátà eré ìdárayá.” Mi ò fọwọ́ kàn án, wọn ò ní kí n fọwọ́ kàn án.

Atúnṣe:
Háà! Agent yín ò fojú kan ìwé yẹn rí. Orúkọ irinṣẹ́, àpèjúwe tó wà nínú rẹ̀, àti àlàyé ohun tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí i, ìyẹn ló ń kà. Bẹ́ẹ̀ ló rí nínú MCP, ìlànà sísopọ̀ AI mọ́ irinṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ Anthropic gbé jáde ní November 2024 náà. Ìlà kan yẹn ni gbogbo ohun tó mọ̀. Ẹ fi èyí rọ́pò rẹ̀ (wa_egbe ni irinṣẹ́ tó ń wá nọ́ńbà ẹgbẹ́, ayo_ipari ni iye ayò tí eré fi parí, UTC sì ni àkókò àjùmọ̀lò àgbáyé):

“Fi èyí wá èsì ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó ti parí; má fi wá èyí tó ń lọ lọ́wọ́. Nọ́ńbà ẹgbẹ́ ni kí o fi ránṣẹ́, kì í ṣe orúkọ. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, kọ́kọ́ pe wa_egbe. Ọdún tí sáà bẹ̀rẹ̀ ni kí o lò: 2015 ni 2015/16. Ayò àfikún àkókò wà nínú ayo_ipari, pẹ́nárítì kò sí níbẹ̀. Má ṣe rò wọ́n pọ̀. UTC ni gbogbo àkókò.”

Bí kò bá rí nǹkan, kí ló ń dá padà?

Akọ̀wé Òru:
Òfìfo. Bí a bá pè é kọjá iye tí wọ́n gbà wá láyè náà, òfìfo kan náà ni.

Ìyá Kóòdù:
Èyí kọjá ìwé kíkọ, àbúrò mi. “Kò sí irú eré bẹ́ẹ̀” àti “ẹ dúró díẹ̀ ná” kò gbọ́dọ̀ jọra. Ẹni tó kọ kóòdù ni kó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Akọ̀wé Òru:
Mo ti fi àlàyé ẹ̀gbọ́n Atúnṣe síbẹ̀. Mo béèrè àṣekágbá yẹn nígbà mẹ́wàá. Nígbà mẹ́sàn-án, ó ní 3–3, Ajẹntínà borí ní pẹ́nárítì 4–2. Ìgbà kẹwàá, òfìfo ló rí gbà, ó sì ní wọn ò gbá àṣekágbá kankan ní 2022. Mo ti ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó kọ kóòdù àti ọ̀gá wa pọ̀. Mò ń retí èsì wọn.