Kí ni mo lè fi tẹ kọfí espresso, kí ni mo sì lè fi fọ ẹ̀rọ rẹ̀ nílé?

Ará Òkè-Ọmírì:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Iléṣà ni mo wà. Lóṣù tó kọjá mo ra ẹ̀rọ espresso tòkunbọ̀ kan, èyí tó ń fi agbára ti omi gbígbóná gba inú kọfí tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi búra pé kò sóhun tó ṣe é. Mo délé, mo tú páálí, kò sí ohun ìtẹ̀ tí wọ́n fi ń tẹ kọfí mọ́lẹ̀, kò sí ṣíbí ìwọ̀n, asẹ́ kékeré tí wọ́n ń da kọfí sí nínú ọwọ́ ẹ̀rọ náà sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo ní kò burú. Mo fi ìdí ife onígíláàsì tẹ kọfí, mo tan ẹ̀rọ. Omi já gba ẹ̀gbẹ́ kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá 8, ó rí rẹ́súrẹ́sú, ó sì korò bí ewúro tí wọn ò fọ̀. Mo bá lọ mú ọmọ odó tí ìyàwó mi fi ń gún ata. Ìyẹn tún burú ju tàkọ́kọ́ lọ.

Owó tí wọ́n ń pe ohun ìtẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ò ṣeé gbọ́ sétí. Kí ló wà nílé tí mo lè lò? Kí ni mo sì lè fi fọ ìdọ̀tí dúdú yẹn?

Ọmọ Òṣómàáló:
Ṣe bí àwọn bàbá wa: lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó tà á, má dìde títí á fi kó ìyókù wá 😂

Ọ̀gá Gbẹ́nàgbẹ́nà:
Ìdí ọmọ odó rí roboto, àárín nìkan ló ń tẹ̀, etí kọfí á wá gbá sókè. Fi rúlà wọn inú asẹ́ rẹ. Ti ẹ̀rọ ilé sábà máa ń jẹ́ mílímítà 51, àwọn ńlá a máa jẹ́ 58. Mú ìwọ̀n yẹn lọ bá ẹni tó ń fi ẹ̀rọ yí igi, kó fi igi líle gbẹ́ ẹ, kí ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kó sì fi bíńtín dín sí ìwọ̀n asẹ́. Má kun fánííṣì sí i o, ohun tó ń kan oúnjẹ ni.

Ìyá Kọfí, Láàgéré:
Àbúrò, ife gíláàsì nìkan kọ́ ló jẹ̀bi. Kọfí rẹ ló ṣù. Wo inú asẹ́ dáadáa kí o tó tẹ̀ ẹ́, wàá rí i tó dì kéékèèké bíi gààrí tí omi ta sí. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ibì kan á le, ibì kan á rọ̀, omi ò sì ní bẹ ẹnikẹ́ni, ibi tó rọ̀ ló máa gbà.

Wá kọ́ọ̀kì ìgò wáìnì. Gún abẹ́rẹ́ ìránṣọ tín-ín-rín mẹ́rin tàbí márùn-ún wọ inú rẹ̀, kí ṣóńṣó wọlé, kí ibi ojú abẹ́rẹ́ wà níta. Ìyẹn ni kí o fi ro kọfí náà láti ìsàlẹ̀ wá sókè kí o tó tẹ̀ ẹ́. Gé ìdí ike yọ́gọ́ọ̀tì, kó o gbé e lé etí asẹ́ kó má baà dà nù. Ará Amẹ́ríkà kan, John Weiss, ló gbé ọgbọ́n yìí jáde ní 2005, abẹ́rẹ́ àti ike yọ́gọ́ọ̀tì lòun náà fi bẹ̀rẹ̀. Torí náà kí ẹnikẹ́ni má fi irinṣẹ́ olówó ńlá dẹ́rù bà ọ́.

Ní ti ìwọ̀n, ìlú oníwúrà lo wà! Òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn wúrà dára fún un. Kọfí lílọ̀ gíráàmù 18 ló yẹ kó di omi kọfí gíráàmù 36 nínú ife, láàárín ìṣẹ́jú àáyá 25 sí 30. Bó bá jẹ́ 15 ni asẹ́ rẹ gbà, wá 30. Bó bá ṣì ń yára jù, lọ̀ ọ́ kúnná sí i.

Tíṣà Kẹ́mísírì, Modákẹ́kẹ́:
Òróró inú kọfí ni dúdú yẹn, ó ti lẹ̀ mọ́ irin, ó ti bàjẹ́, ó sì wà lára ohun tó ń mú kó korò. Sódà ló pọ̀ jù nínú ìyẹ̀fun tí wọ́n ń tà fún fífọ ẹ̀rọ kọfí, ẹbí rẹ̀ sì ni káún ọbẹ̀. Po ṣíbí kékeré kan mọ́ omi gbígbóná ìdajì lítà, sẹ́ iyanrìn rẹ̀ kúrò, kó o rẹ asẹ́ onírin sí i fún 20 ìṣẹ́jú. Tú asẹ́ òkè náà, èyí tí omi ń gbà bọ́ sórí kọfí, ìdọ̀tí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á yà ọ́ lẹ́nu. Fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ̀ ọ́, kó o ṣan án dáadáa. Káún ò gbọdọ̀ wọ ibi tí ẹ̀rọ ń gbomi sí.

Ìyàwó Àkóbí:
Ṣé mo lè fi ọṣẹ dúdú fọ ìkòkò kọfí alumíníọ̀mù, èyí tí wọ́n ń gbé lé orí gáàsì?

Tíṣà Kẹ́mísírì, Modákẹ́kẹ́:
Rárá o. Eérú ni wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú, eérú àti káún ń jẹ alumíníọ̀mù.

Ìyàwó Àkóbí:
Ó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn, sà. Ó ti di eléérú 😭

Bọ̀dá Sábó:
Ọsàn wẹ́wẹ́ ni kẹ́ ẹ fi fọ inú ẹ̀rọ, èmi ti ń lò ó tipẹ́.

Ìyá Kọfí, Láàgéré:
Bọ̀dá, èépá funfun tí omi kànga ń fi sílẹ̀ nìyẹn ń ṣí, kò kan òróró. Èèpo rẹ̀ sì lè dí páìpù. Èmi ń lo sítíríìkì ásíìdì oníyẹ̀fun, ṣíbí ìjẹun kan sí omi lítà kan, màá wá fi omi lásán ṣan án lẹ́ẹ̀mejì.

Bọ̀dá Sábó:
Mo máa ń fi aṣọ sẹ́ ẹ. Àmọ́ mo gbọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gé rọ́bà táyà dí asẹ́ kí omi ọṣẹ lè padà sókè wọnú ẹ̀rọ láti fọ̀ ọ́ ńkọ́?

Ìyá Kọfí, Láàgéré:
Lẹ́yìn tí o bá pa ẹ̀rọ, ṣé omi máa ń tú ṣààà sínú àwo ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀? Bí kò bá tú, má dán an wò, agbára omi yẹn ò ríbi jáde. Ọjọ́ tó o bá ṣí ọwọ́ rẹ̀, á fọ́n sí ọ lójú ní gbígbóná.

Ará Òkè-Ọmírì:
Mo ti tú asẹ́ òkè. Ha! Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nípọn bí ẹ̀kọ tó ti gbẹ. Ó gbà mí ní omi káún mẹ́ta. Mo ki abẹ́rẹ́ sí kọ́ọ̀kì, ohun ìtẹ̀ onígi náà sì délé lánàá. Ìṣẹ́jú àáyá 27 lónìí, ìfófòó rẹ̀ pọ́n wẹ́ẹ́. Ìyàwó mi ti gba ọmọ odó rẹ̀, ó ní òórùn kọfí ti wọ inú ata. Ó ku páìpù tó ń tú ooru, wàrà ti gan mọ́ ẹnu rẹ̀.

Ìyá Kọfí, Láàgéré:
Fi aṣọ tútù wé e títí á fi rọ̀, kó o fi pín-ìnì gún ojú ihò rẹ̀. Pa ẹ̀rọ náà kó tutù ná o.