Próstéètì bàbá mi (ẹ̀yà ara ọkùnrin tó yí ojú ọ̀nà ìtọ̀ ká) tóbi, wọ́n ní inflammation (kí ara máa bínú, kó máa wú) wà níbẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, bàbá mi ti lé ní 60 ọdún, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ń dìde lóru lọ tọ̀, tí wọ́n bá sì débẹ̀ á kàn máa kán tó, tó, tó. Àyẹ̀wò ní kì í ṣe jẹjẹrẹ àmọ́ inflammation wà níbẹ̀. Ṣé kòkòrò ló fà á ni?

Èsì 1: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kò pọn dandan kó jẹ́ kòkòrò. Àwọn sójà ara, bíi T cell àti macrophage, ló ń ya wọ próstéètì, wọ́n á wá máa tú kẹ́míkà bíi IL-6 àti IL-8 síbẹ̀, ìyẹn á máa ti àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ kí wọ́n máa pọ̀ sí i, bí wọ́n ṣe ń pọ̀ ni ojú ọ̀nà ìtọ̀ ń há.

Èsì 2: Òótọ́ ni, torí náà ẹ má kàn lọ máa ra antibáyótíìkì, oògùn tó ń pa kòkòrò, fún wọn! Inflammation yìí tún lè gbé PSA (èròjà láti próstéètì tí wọ́n ń yẹ̀ wò nínú ẹ̀jẹ̀) sókè láìsí jẹjẹrẹ, ti ẹ̀gbọ́n mi rí bẹ́ẹ̀, gbogbo ilé ò sùn.

Ìbéèrè: Ibuprofen, oògùn ara ríro yẹn, ńkọ́?

Èsì 1: Ẹ má fún wọn lójoojúmọ́ láìbi dókítà o, ó lè ba kíndìnrín àgbàlagbà jẹ́. Tí ìtọ̀ bá kọ̀ tí ò jáde rárá, ọsibítù lójú ẹsẹ̀ ni.