"Aláìyẹ" kò bá ẹ̀ṣọ́ tó ṣáájú ìjù mu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àbá tó wà nílẹ̀ nípa futibọ́ọ̀lù àwọn fásitì Amẹ́ríkà ni pé ká máa pe àgbábọ́ọ̀lù tí òfin kò gbà láyè láti mú bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù síwájú ní "aláìyẹ", ká sì pe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ("ineligible receiver downfield" lédè Gẹ̀ẹ́sì) ní "aláìyẹ níwájú pápá". Mi ò fara mọ́ ọn rárá.

Inú àdúrà la ti sábà ń gbọ́ "aláìyẹ", nígbà tí èèyàn bá ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ níwájú Ọlọ́run. Àwọn tí à ń wí yìí kò ṣe nǹkan kan tó fi yẹ kí wọ́n jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Géńdé márùn-ún ni wọ́n, nọ́ńbà aṣọ wọn sábà máa ń wà láàárín 50 sí 79, iwájú ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ni wọ́n sì ń dúró sí kí ọwọ́ ọ̀tá má baà tó o. Olumuyiwa Fashanu wà lára wọn: nọ́ńbà 74 ló wọ̀ ní fásitì Penn State kí Jets, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi eré náà ṣe iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́, tó mú un lọ́dún 2024. Orúkọ tí àwọn òbí fún un ń kéde pé Olú mú iyì wá; ṣé àwa ni ká wá pè é ní aláìyẹ? Ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n. Mo mọ̀ pé méjì péré nínú wọn ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè bẹ́ẹ̀ ("guard"), àmọ́ iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ni gbogbo márààrún ń ṣe tí bọ́ọ̀lù bá ti fẹ́ di jíjù.

Ẹ̀ṣẹ̀ yẹn gan-an ló gba àròjinlẹ̀. Òfin fásitì sọ pé ẹ̀ṣọ́ kò gbọdọ̀ fi ju ọ̀pá mẹ́ta lọ kọjá ojú ìlà tí eré ti bẹ̀rẹ̀, títí bọ́ọ̀lù yóò fi kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń jù ú. (Ọ̀pá tí àwọn oníṣòwò fi ń wọn aṣọ náà ni, ìyẹn "yard", kò sí ìdí láti wá ọ̀rọ̀ míì fún un.) Ọ̀pá kan ṣoṣo ni àwọn tó ń fi eré náà jẹun ní NFL fàyè gbà. Bí bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù kò bá sì kọjá ojú ìlà yẹn, kò sí ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ wá wo rẹfirí tó dúró létí pápá, lọ́gbọọgba ibi tí bọ́ọ̀lù wà. Ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹ̀ṣọ́ wà, ó sì gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí bọ́ọ̀lù kúrò lọ́wọ́. Bó bá kọjú sí ẹni tó ń jù ú kó tó wá ẹ̀ṣọ́ kiri, ẹ̀ṣọ́ á ti gbẹ́sẹ̀ méjì sí i. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé bí kò bá dá a lójú, àsíá tó fi ń kéde ẹ̀ṣẹ̀ kì í kúrò lápò rẹ̀. Ó tún wá le sí i nítorí eré tí ajubọ́ọ̀lù ti ń dúró di ìṣẹ́jú àáyá tó gbẹ̀yìn kó tó pinnu bóyá kó fi bọ́ọ̀lù fún ẹni tó máa gbé e sáré ni àbí kó jù ú: àwọn ẹ̀ṣọ́ ti ń ti ọ̀tá lọ síwájú bí ẹni pé sísáré ni. Ní November 2013, nígbà tí fásitì Auburn fi irú eré bẹ́ẹ̀ bá fásitì Alabama dọ́gba ní 28 sí 28, ọ̀pọ̀ ló jiyàn pé àwọn ẹ̀ṣọ́ Auburn ti jìnnà jù. Lọ́dún 2015 ìgbìmọ̀ tó ń ṣòfin eré náà fún àwọn fásitì dábàá kí ọ̀pá mẹ́ta di ọ̀kan. Àbá náà kò di òfin.

Nítorí náà, orúkọ tí kò bá mú àkókò àti ibi pọ̀ kò lè sọ ohun tí rẹfirí ń wò. "Ìrékọjá" kò mú àkókò dání, àjọ inú Bíbélì ló sì kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn. "Ọ́fúsáìdì" burú jù: ti ẹni tó fẹ́ gba bọ́ọ̀lù nìyẹn nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, futibọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà pàápàá sì ní ọ́fúsáìdì tirẹ̀, tó yàtọ̀ sí èyí pátápátá. Àmọ́ "ṣáájú" ń jẹ́ iwájú ní ibi, ó sì ń jẹ́ iwájú ní àkókò. Ìṣáájú-ìjù ni kí ẹ jẹ́ ká pè é. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹfirí: "Ẹ̀ṣọ́ nọ́ńbà 68 ṣáájú ìjù. Ẹ padà sẹ́yìn ní ọ̀pá márùn-ún, ẹ tún un gbá." Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ọ kò ní rò pé aṣáájú ìjọ ni wọ́n ń bá wí.

Wọ́n lè sọ pé òfin fún ẹ̀ṣọ́ ní ọ̀pá mẹ́ta láti fi ṣáájú, orúkọ yìí kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tá a bá ki "mẹ́ta" sínú orúkọ, ọjọ́ tí òfin bá yí padà ni ọ̀rọ̀ wa bàjẹ́, NFL kò sì ní lè lò ó láé.

Èyí tí mo ṣì ń wá ni orúkọ fún àyè tóóró tó wà láàárín ikọ̀ méjèèjì kí eré tó bẹ̀rẹ̀, tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju gígùn bọ́ọ̀lù lọ. Etí rẹ̀ lọ́hùn-ún la ti ń ka ọ̀pá mẹ́ta. "Ààlà" ló wá sí mi lọ́kàn, torí kì í ṣe ti ẹnì kankan nínú wọn, bí ibi tí pẹ́ẹ́rẹ̀gún wà láàárín oko méjì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní èyí tó sàn jù, ẹ mú un wá.